Káàdì Alájọ Ni Ojú Òpó Yín

Alájọ ni ìyá mi ní Ọjà'ba, n'Ìbàdàn. Kì í ṣe ẹnu dídùn ló fi ń kó oníbàárà jọ, torí ìyá mi ò lẹ́nu dídùn. Káàdì ni. Káàdì pélébé tó ní ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Bí o bá ti san tòní, á fi bírò sàmì sí i níṣojú ẹ, á sàmì sí tiẹ̀ náà nínú ìwé ńlá, ìwọ á sì ká káàdì ẹ sínú tòbí. Ó parí. Ẹni tó bá rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ á yọ káàdì síta. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀ pé ohun tí mò ń wá kiri lórí Facebook ni ìyá mi ti ń fi bírò ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́.

Yàrá ìkàwé ọmọdé ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń ṣe lẹ́yìn Mápó, ní ọjọ́ Sátidé. Yàrá méjì, ẹní mẹ́jọ, ìwé àlòkù tí a ṣà jọ láti ibi gbogbo, àtàwọn ọmọ bí ogójì. Olùkọ́ ni mí láàárín ọ̀sẹ̀; ẹgbẹ́ wa ò sanwó fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a pín iṣẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n máa mójú tó ti orí ayélujára, bóyá torí pé fóònù tèmi nìkan ni ojú ẹ̀ ò tíì fọ́. Nínú ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, àṣìṣe ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹgbẹ́ aláàánú tiyín bá kéré bíi tiwa, tí ẹ ò lówó tí ẹ lè fi gba òṣìṣẹ́ tó máa bá yín mójú tó ojú òpó yín lórí ayélujára, ẹ fa àga sún mọ́ mi.

Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání?

Kí ẹ tó ronú kan fọ́tò àti fídíò, ẹ yanjú èyí ná. Àgùnbánirọ̀ kan ló bá wa ṣí ojú òpó wa àkọ́kọ́ lórí Facebook. Ọmọ dáadáa ni, ó mọṣẹ́. Íméèlì ara ẹ̀ ló fi ṣí i, nọ́ńbà ara ẹ̀ ló fi sí i, kò sì sẹ́ni tó rí i bí nǹkan bàbàrà. Ó sìnlú tán, ó lọ, fóònù ẹ̀ sọnù, ó pa láìnì yẹn tì. Àwa náà ò rántí páswọ́ọ̀dù, torí a ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn tó ń tẹ̀lé ojú òpó yẹn ti lé lẹ́gbẹ̀rún. Títí dòní, bí ẹ bá wá a, ẹ ó bá a níbẹ̀ tó ń pe àwọn ọmọ wá síbi ayẹyẹ ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 May, ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Àwọn èèyàn ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. À ń wò ó látìta bí onílé tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ síta.

Nítorí náà, ẹ ra síìmù kan fún ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó tí orúkọ wọn wà nínú ìwé CAC (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀) ni kó fi NIN ẹ̀ forúkọ sí i. Ẹ ṣí íméèlì kan lórúkọ ẹgbẹ́. Lórí Facebook, Page ni kí ẹ ṣí, ẹ má ṣí profile bí ẹni pé èèyàn ni ẹgbẹ́ yín: profile ò gbà ju 5,000 ọ̀rẹ́ lọ, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa wà. Page lè ní alákòóso méjì tàbí mẹ́ta, kálukú láti orí profile tiẹ̀. Kó má dín ní méjì láé. Ẹ tan ààbò onígbèésẹ̀ méjì (two-factor authentication). Ó máa fún yín ní àwọn nọ́ńbà àṣírí kan tí ẹ lè fi wọlé lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù. Ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kí ẹ fi wọ́n pamọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí CAC. Tiwa wà nínú ọ̀rá kan lábẹ́ Bíbélì ìyá akápò. Mi ò dárúkọ akápò.

Ẹ má wà níbi gbogbo

Lọ́dún kejì, a gbọ́ pé ẹgbẹ́ tó bá gbọ́njú gbọ́dọ̀ wà lórí Instagram, TikTok, X (tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀) àti YouTube. A ṣí gbogbo ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kó tó pé oṣù méjì, gbogbo ẹ̀ ti gbẹ bí odò ọ̀gbẹlẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe: mo pe ogún èèyàn tó ti fún wa ní nǹkan rí, ì báà ṣe ìwé, owó tàbí àga, mo bi wọ́n pé níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa? Mẹ́rìnlá ní ẹnì kan ló fi ọ̀rọ̀ wa ránṣẹ́ sáwọn lórí WhatsApp. Mẹ́ta ní Facebook. Méjì, ará àdúgbò ni wọ́n. Ẹnì kan ní rédíò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ TikTok.

Ẹ bi àwọn tiyín kí ẹ tó ra dátà, torí tiyín lè yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó máa wá yọ̀ǹda ara ẹ̀ lẹ̀ ń wá, Instagram àti TikTok ni kí ẹ wá a lọ. Bó bá jẹ́ oníròyìn, X. Bó bá jẹ́ àwọn tí ẹ jọ kàwé tí wọ́n ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, Facebook ni wọ́n ń gbé, wọn ò tíì kó kúrò.

WhatsApp nìkan ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ díẹ̀. WhatsApp Business ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè kọ àdírẹ́sì àti wákàtí iṣẹ́ yín sójú ẹ̀, kí ẹ sì fi àmì aláwọ̀ ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa ní "òbí", a ní "ó ti fún wa rí", a sì ní "ó ṣèlérí". Àmì kẹta yẹn lèèyàn pọ̀ lábẹ́ ẹ̀ jù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ broadcast list. Èèyàn 256 ni àtòkọ kan gbà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ á wọlé sí kálukú bí ẹni pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí, ó sì lè dá yín lóhùn láìsí pé ẹlòmíì rí i. Àmọ́ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á ní àwọn ti fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn, kó má ju ogójì tó rí i lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún yín ní ohunkóhun, kódà kó jẹ́ ìwé kan ṣoṣo, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà wa yìí pamọ́, kí ẹ lè máa rí ohun tí ìwé yín ń ṣe." Ẹ dúró tì í kó fi pamọ́. Ní ti group, tiwa ò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi di ilé àdúrà ìdájí, àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìjà ìbò. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ní i, ẹ tì í kó jẹ́ pé alákòóso nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀.

Kí ẹ sì ní ìwé kan, ìwé gidi tó ní èèpo, tí orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo wọn wà nínú ẹ̀. Ní 4 October 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti 5 June, wọn ò sì ṣí i títí di 13 January 2022. Ẹgbẹ́ tó bá kó gbogbo èèyàn ẹ̀ síbẹ̀ nìkan, oṣù méje ló fi dá wà.

Ohun tí ẹ máa gbé síbẹ̀

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi kọ nìyí: "A ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín láti tún ìgbésí ayé àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe." Láìkì mọ́kànlá. Mẹ́rin nínú ẹ̀, àwa ni. Ta ni irú ẹ̀ fẹ́ mú lára? Ọmọ Nàìjíríà wo? Ẹ fẹ́ tún un ṣe báwo? Ìyá mi ò jẹ́ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí káàdì ẹnì kankan.

Ní báyìí, lálẹ́ Sátidé, kí n tó jẹun, ohun mẹ́ta ni mo máa ń kọ: ọmọ mélòó ló wá, kí ló ṣẹlẹ̀, èló la ná. Ọ̀kan nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"Ọmọ 43 lónìí. Òjò lé wa wọ yàrá ẹ̀yìn, a tẹ́ ẹní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ra. Ìwé àlọ́ ìjàpá ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹyọ kan la ní, ojú ewé 12 ẹ̀ sì ti ya. Omi àti bisikíìtì: ₦6,400. Ó ku ₦18,150 lọ́wọ́."

A ò tọrọ nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdé, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí láti Dùgbẹ̀ pé òun ti ra márùn-ún nínú ìwé náà, níbo ni kóun gbé e wá? Ojú ewé 12 tó ya yẹn ló mú un. Ká ní mo kọ "a nílò ìwé" ni, á ti fi àtàǹpàkò tì í kọjá.

Apá owó yẹn ló ń ba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lẹ́rù. Ní October 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, àwọn ọ̀dọ́bìnrin Feminist Coalition gba ohun tó lé ní 147 mílíọ̀nù náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ń gbé ìṣirò ẹ̀ síta lórí Twitter: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, ohun tí wọ́n fi ṣe. Ohun yòówù kí ẹ rò nípa ìwọ́de náà, ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi mú ìṣirò. Tiwa ò tó owó omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Síbẹ̀, níparí oṣù, mo máa ń ya fọ́tò ojú ewé ìwé akápò wa, n ó bo orúkọ àwọn tó fúnni, n ó sì gbé e síta bó ṣe rí, pẹ̀lú ìkọ̀wé màmá akápò tí kò gún àti ibi tí ó ti ṣìṣe tó fa ìlà sí i. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ní ká máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kó lè fani mọ́ra. Mo kọ̀. Ìlà tí màmá fà yẹn lèmi fẹ́ kí wọ́n rí.

Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà lórí àkáǹtì. Ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC lábẹ́ Apá F òfin CAMA 2020 (òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́), kí ẹ sì ti gba ìwé SCUML (ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó èérú mọ́), torí báńkì máa béèrè ẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àkáǹtì ọ̀kan nínú wa la lò. Olóòótọ́ èèyàn ni, síbẹ̀ àwọn àna ẹ̀ ń béèrè pé ṣé owó ọmọ aláìní ló fi kun ilé.

Bí alẹ́ẹ̀tì bá wọlé, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó dúpẹ́. Ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́, mi ò kì í kọ ọ́. Bàbá kan ní Houston fi ₦20,000 ránṣẹ́. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọmọ Ọ̀fà lòun. Mo kí i ní Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àwọn ọmọ sì pariwo "Ẹ ṣé, sà!" lẹ́yìn mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lòun gbọ́ ọ nínú mọ́tò kóun tó sọ̀ kalẹ̀. Oṣooṣù ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ báyìí.

Yorùbá ni kí ẹ máa kọ, kí ẹ fi àmì sí i. Ìgbà kan wà tí a ń wá ọwọ̀ méjì tí a máa fi gbálẹ̀. Mo kọ ọ́ láìfàmì sí i, "a n wa owo meji". Ọkùnrin kan dáhùn pé ṣé náírà méjì ni àbí mílíọ̀nù méjì? Ní 1 March 2012, nígbà tí Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, àtàwọn èèyàn ẹ̀ kó ara wọn jọ láti fi Yorùbá kọ̀wé lórí Twitter fún odindi ọjọ́ kan, kí ilé iṣẹ́ náà lè ka èdè wa kún, ìyà ni títẹ àmì lórí fóònù. Ìyà yẹn ti dínkù: Gboard (kíbọ́ọ̀dù Google) ní Yorùbá, ẹ tan án. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan sí ìsàlẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun.

Ti fídíò ò gùn. Ẹ gbé fóònù dúró gbọọrọ, ẹ má dà á dùbúlẹ̀. Ẹ kẹ̀yìn sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú ẹni tí ẹ ń yà. Kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sójú ẹ̀, torí inú dáńfó ni ọ̀pọ̀ ti ń wò ó, wọn ò sì ní tan ohùn. Canva, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán ìpolówó, máa ń fún ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní èyí tó ń gbowó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé CAC yín ni kí ẹ fi béèrè ẹ̀.

Ẹ má sì wá ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ máa gbóná. Ní April 2024, Tunde Onakoya fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square, ní New York, láti kó owó jọ fún àwọn ọmọdé, ayé gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní káwa náà wá ohun tí a máa fi 60 wákàtí ṣe. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka ohun tó ti ń gbé síta tẹ́lẹ̀. Láti 2018 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Májìdún, n'Ìkòròdú.

Ayédèrú

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ṣí ojú òpó pẹ̀lú orúkọ wa, fọ́tò wa àti nọ́ńbà àkáǹtì tiẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òbí ló fi hàn mí. A ya screenshot ẹ̀, a fẹjọ́ ẹ̀ sun Facebook, a sì ní kí ogún èèyàn fẹjọ́ sun náà. Àmọ́ ohun tó gbà wá ni broadcast tí mo fi ránṣẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Nọ́ńbà àkáǹtì yín gan-an ni kí ẹ fi sókè pátápátá lórí Page, kí ẹ kàn án mọ́bẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣe ayédèrú yín.

Kí lẹ máa kà?

Mo ní ìwé kékeré kan tó ní òpó mẹ́ta: ẹni tó béèrè, ẹni tó wá, ẹni tó fúnni. Láìkì ò sí nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan gba 600 láìkì, ẹsẹ̀ kan ò yà wá. Òmíì gba 23, káfíńtà kan rí i, ó gbé pákó wá, ó kan pẹpẹ ìwé fún wa, kò gba kọ́bọ̀.

Fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ

Mo fi èyí sẹ́yìn torí òun ló ṣì ń dùn mí. Ọdún kìíní ni. Mo ya ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó tẹjú mọ́ ìwé, àpò yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ ti já, ó rọ̀ sílẹ̀ dirodiro. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ wo irú àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́." Láìkì lé nígba. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá ẹ̀ dúró dè mí lẹ́nu géètì ibi tí mo ti ń kọ́ni. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí mi pàápàá. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ bímọ?" Mo ní mo bí méjì. Ó na fóònù sí mi. "Ṣé ẹ lè gbé tiyín síbẹ̀ báyìí?" Àǹtí ọkọ ẹ̀ ló rí i l'Ékòó, ló bá pe ọkọ ẹ̀ pé ìyàwó ẹ ti sọ ọmọ wa di alágbe. Ọjọ́ Fúráìdè ni àpò yẹn já, níbi tí ọmọ ti ń ṣeré. Aránṣọ ni ìyá ẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló fẹ́ rán an.

Mo yọ fọ́tò náà níṣojú ẹ̀, àmọ́ èèyàn 17 ti pín in, ó sì ti wà lórí WhatsApp ẹbí wọn. Mo lọ bẹ ọkọ ẹ̀ nílé. Ọmọ náà ò wá fún odindi oṣù kan.

Ní báyìí a ní fọ́ọ̀mù, ojú ewé kan, Yorùbá pọ́ńbélé. Mo máa ń kà á sókè sétí òbí: irú fọ́tò tí a máa ń yà nìyí, ibi tí a máa gbé e sí nìyí, ẹ lè ní ká yọ ọ́ nígbàkúgbà, bí ẹ bá sì kọ̀, ọmọ yín á ṣì máa wá. Ẹni tí kò bá lè kọ̀wé á tẹ̀ka. Òfin wà lẹ́yìn ẹ̀: Child's Rights Act ti 2003 fún ọmọdé lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí ara ẹ̀, òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 sì ní ká gba àṣẹ lọ́dọ̀ òbí. Ká sòótọ́, mi ò mọ òfin kankan nípa ẹ̀ nígbà tí obìnrin yẹn dúró síwájú mi.

Ẹ má kọ orúkọ ọmọ, ilé ìwé ẹ̀ àti àdúgbò ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ẹ pa location kámẹ́rà yín. Ẹ ya ọmọ láti ẹ̀yìn, ẹ ya ọwọ́ tó ń ṣí ìwé. Ẹ ya bàtà tí wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà; nínú gbogbo fọ́tò wa, bàtà ogójì ọmọ tó dà rúdurùdu ni àwọn ará òkè òkun ń béèrè jù. Ẹ má tò wọ́n sórí ìlà kí wọ́n gbé ẹ̀bùn sókè lábẹ́ bánà ẹni tó fún wọn. Bí imú bá ń ṣàn, ẹ nù ún ná. Bí aṣọ bá ya, ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá náà ti ń bá wa fi àjákù àǹkárá lẹ ẹ̀yìn ìwé tó bá já. Kí n tó gbé fọ́tò ọmọ ẹ̀ síta, mo máa ń fi hàn án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méjì ni mo mú wá: ọ̀kan tí ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ọ̀kan tó ti ń fi ìka tọ ìlà ìwé. Mo rò pé tẹ̀rín ló máa mú. Ó fi ìka méjì fẹ èkejì lójú, ó yẹ kọ́là aṣọ ẹ̀ wò dáadáa.

"Eléyìí ni, Àǹtí, èyí tó ti ń kàwé. Kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé èmi ni mo rán aṣọ yẹn."